MP3 Tó Ń Jẹ́ FLAC ní Ṣàgámù

Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o. Gbogbo Màkun ní Ṣàgámù ló ti gbọ́, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn olóbì ní Sábó, kó tó wá kan etí tèmi. Wọ́n ní ọmọkùnrin kan wà tó ní sítúdíò kékeré, tó máa ń gba ohùn sílẹ̀ níbi ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Olùwádìí èdè kan gbéṣẹ́ fún un pé kó lọ bá òun gba ọ̀rọ̀ àwọn àgbà sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, ní Ìperu, ní Òde Rẹ́mọ. Kí wọ́n pìtàn, kí wọ́n ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí wọ́n dárúkọ ewé àti ẹja bí wọ́n ṣe ń pè é nílé wọn, kì í ṣe bí rédíò ṣe ń pè é. Ohun kan ṣoṣo ni olùwádìí tẹnu mọ́: FLAC ni kí gbogbo fáìlì jẹ́. Wọ́n sanwó. Arákùnrin gbé FLAC dé nínú fúláàṣì, ó tún fẹ̀rín sí i. Ìgbà tí olùwádìí máa tú u wò, MP3 ló bá nínú rẹ̀.

Háà! Ẹ gbà mí o!

Kì í ṣe pé ó kàn yí orúkọ fáìlì padà lásán. Ìyẹn ì bá tiẹ̀ sàn, nítorí àṣírí ì bá ti tú lójú ẹsẹ̀. Fóònù ló fi gba ohùn àwọn àgbà, ó sì to fóònù náà sí MP3 kí ààyè inú rẹ̀ má baà tán. Nígbà tó délé, ó ki MP3 bọ inú kọ̀ǹpútà, ó ní kó bá òun sọ ọ́ di FLAC. Kọ̀ǹpútà ṣe é. Kọ̀ǹpútà kì í bi èèyàn pé níbo lo ti rí i. Aṣọ ẹbí tí wọ́n yá ni wọ́n wọ̀ fún MP3, ó sì bọ́ sí agbo ijó bí ọmọ olóde.

Nítorí kí sì ni? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ohùn tí wọ́n gbà ní 48 kHz, bíìtì 16, ojú ọ̀nà kan ṣoṣo, máa ń jẹ bíi mẹ́gábáìtì 345 ní wákàtí kan. FLAC á fún un pọ̀ dé nǹkan bí ìdajì. MP3 tí wọ́n tò sí 128 kbps kò ní ju bíi 58 lọ. Owó mẹ́mórì káàdì ni arákùnrin yìí ń ṣọ́. Mẹ́mórì káàdì! Owó tí kò tó èyí tó ń fi ra ọtí fún ọ̀rẹ́ ní alẹ́ Sátidé, wọ́n ní.

Ó yẹ kí n là á yé ẹni tí kò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó. Josh Coalson, ará Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ FLAC ní 2000. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ tó pé jáde ní 2001, nígbà tó sì di 2003, àjọ Xiph.Org gbà á sábẹ́ ara wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó ká ohùn kó kéré, kó sì jẹ́ pé bí wọ́n bá tú u, gbogbo nọ́ńbà tó wọlé ló máa jáde, ẹyọ kan kò ní sọnù. MP3 kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ Fraunhofer ní Jámánì wà lára àwọn tó ṣe é, etí èèyàn ni wọ́n sì fi ṣe òṣùwọ̀n: ohun tí etí kò ní fiyè sí, kí wọ́n kó o dànù. Fún orin òde àríyá, ta ló ń bínú? Kò sí ẹni tó máa jó tán kó wá béèrè pé kí ló sọnù lókè agogo. Àmọ́ olùwádìí kì í fi etí nìkan gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó ń wọ̀n ọ́n.

Nígbà tí wọ́n bá wá sọ MP3 di FLAC, ohun tí Jámánì ti kó dànù kò ní padà wá. FLAC á tọ́jú àbùkù náà tọkàntọkàn, kò ní yọ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Fáìlì á tún wá sanra ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ! Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ yìí lójútì nínú.

Bí àṣírí ṣe tú ló dùn mọ́ mi jù, kí Ọlọ́run foríjì mí. Olùwádìí ṣí fáìlì nínú Praat, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí Paul Boersma àti David Weenink ṣe ní Amsterdam, tí àwọn onímọ̀ èdè fi ń wo àwòrán ohùn. Praat kì í fi ohun tó ga ju 5,000 Hz hàn nínú àwòrán náà àyàfi tí èèyàn bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Bóyá ibẹ̀ ni arákùnrin wa rò pé wọ́n máa dúró sí. Olùwádìí gbé e lọ sí 24,000. Ohùn tí wọ́n gbà ní 48 kHz lóòótọ́, ariwo inú yàrá á gun òkè lọ títí, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa rẹlẹ̀. Èyí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dé nǹkan bí 16,000, ìlà gbọọrọ kan, òkè rẹ̀ funfun báláú. Fáìlì kejì, ibì kan náà. Ìkẹta, ibì kan náà. Ìyá àgbà Ìkẹ́nnẹ́, bàbá Òde Rẹ́mọ, gbogbo wọn dákẹ́ síbì kan náà.

Wọ́n pè é. Ó ní irọ́ ni, òun ti dán fáìlì wò, ó sì yege. Òótọ́ sì ni pé ó yege! Nínú orí FLAC kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń fi àmì kan sí i tí wọ́n ń pè ní MD5, tí wọ́n ṣírò látinú ohùn náà kó tó di pé wọ́n ká a. Bí èèyàn bá kọ flac -t, kọ̀ǹpútà á tú ohùn, á tún àmì náà ṣírò, á sì ní ó bára mu. Àmọ́ kí ló ń jẹ́rìí sí? Pé ohun tí wọ́n gbé fún òun lòun gbé sílẹ̀. Bó bá jẹ́ èrú ni wọ́n gbé fún un, èrú náà ni yóò jẹ́rìí sí. Arákùnrin fi ẹlẹ́rìí tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ gbèjà ara rẹ̀.

Àwọn alágbàwí rẹ̀ kò ṣàì pọ̀. Èyí tó gbọ́n díẹ̀ nínú wọn ní ṣebí àwọn olùwádìí fúnra wọn máa ń sọ ohùn di 16 kHz kí wọ́n tó lò ó, èyí tó túmọ̀ sí pé ohunkóhun tó bá ju 8,000 Hz lọ, àwọn náà máa dà á nù; kí ló wá kàn wọ́n pẹ̀lú ohun tó sọnù lókè 16,000? Ó jọ ọgbọ́n, àbí? Àṣé kì í ṣe òkè nìkan ni MP3 ti ń jí nǹkan. Ó ń mú níbi gbogbo. Ẹ pe pá, tí àwọn olùwádìí ń kọ ní kpá: ètè máa pàdé, ìdákẹ́jẹ́ kékeré á wà, kí ohùn tó bú jáde. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni olùwádìí ń wọ̀n. MP3 máa ń da ariwo díẹ̀ sínú rẹ̀ kí ìbújáde náà tó dé, bí ẹni tó ti ń sọ ìparí ìtàn kí ìtàn tó dé ibẹ̀. Òtítọ́ ni pé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ kì í sábà bàjẹ́ nínú MP3. Ìyẹn kò ní kí n bá a pàtẹ́wọ́.

Ẹ má rò pé Rẹ́mọ nìkan ni. Ẹ sún mọ́ mi. Àwọn ẹni ńlá òkè òkun náà ní tiwọn. LibriSpeech, tí gbogbo ayé fi ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní gbígbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì láti 2015, tí Panayotov, Chen, Povey àti Khudanpur kó jọ, bíi 1,000 wákàtí, FLAC ni ó, 16 kHz. Ta ni ìyá rẹ̀? MP3! Ìwé tí àwọn olùyọ̀ǹda kà sílẹ̀ fún LibriVox, tó wà ní MP3, ni wọ́n gé, tí wọ́n sọ di FLAC. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́, mo pariwo. Ṣùgbọ́n èyí ni ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ sí ọmọ Màkun wa: wọ́n sọ ọ́ síta, wọ́n sì kó MP3 náà gan-an síbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Nígbà tí àwọn kan fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ ní 2019, tí 16 kHz kò tó wọn, ìdí MP3 yẹn ni wọ́n padà sí tí wọ́n fi rí ohùn 24 kHz, wọ́n sì pè é ní LibriTTS. Ká ní wọ́n ti pa ìyá rẹ́, níbo ni wọn ì bá ti rí i? Arákùnrin wa ńkọ́? Ó ti nu fóònù. Ó ní ààyè ni òun ń wá.

TIMIT náà ńkọ́, àgbà inú wọn? Texas Instruments àti MIT wà lára àwọn tó jọ ṣe é: ẹni 630 láti agbègbè ẹ̀ka èdè 8 ní Amẹ́ríkà, gbólóhùn 10 ní ẹnu ẹnì kọ̀ọ̀kan. Orúkọ fáìlì rẹ̀ parí sí WAV. Bí ẹ bá ṣí inú rẹ̀, NIST_1A ni yóò kọ́kọ́ kí yín. Kì í ṣe WAV rárá! SPHERE ni, fáìlì tí NIST, àjọ òṣùwọ̀n ìjọba Amẹ́ríkà, ṣe fún ìwádìí ọ̀rọ̀ sísọ. WAV tòótọ́, èyí tí Microsoft àti IBM gbé jáde ní 1991, RIFF ló ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yin náà ẹ wo bí ọmọléèwé kan á ṣe gbé TIMIT, á ní WAV ni, á máa bá kọ̀ǹpútà jà títí ilẹ̀ fi mọ́, tí ẹ̀bi náà kì í sì í ṣe tirẹ̀.

SPHERE fúnra rẹ̀, mi ò ní irọ́ kan tí mo lè pa mọ́ ọn. Báìtì 1,024 àkọ́kọ́ rẹ̀, lẹ́tà tí ojú lè kà ni: iye ojú ọ̀nà ohùn, iye nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, ìgbà mélòó ni wọ́n wọ̀n ọ́n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, báìtì wo ló ṣáájú. Á kọ end_head, lẹ́yìn náà ni ohùn máa bẹ̀rẹ̀. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó sọ ẹni tó jẹ́. Báìtì wo ló ṣáájú yẹn, ẹ má fojú kéré rẹ̀: bí wọ́n bá kọ 10 níbi tó yẹ kó jẹ́ 01, ọ̀rọ̀ ìyá àgbà á di ariwo ṣìììì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Fún ẹni tó bá fẹ́ kó FLAC àwọn àgbà sínú irú fáìlì yìí, yíyí FLAC sí SPHERE kò ṣòro, ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi. SoX á ṣe é ní ìlà kan:

sox agba.flac -r 16000 -b 16 -c 1 agba.sph

Ó tán. Àmọ́ ẹ wo ibi tí ìwà ìbàjẹ́ máa ń fara pamọ́ sí nínú ìlà kékeré yìí. Ẹ wo -c 1. Bí olùbéèrè bá wà ní ojú ọ̀nà òsì, tí àgbà wà ní ọ̀tún, -c 1 á da àwọn méjèèjì pọ̀ sí ẹyọ kan, àtẹni tó ń béèrè àtẹni tó ń dáhùn, bí wọ́n bá jọ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ẹni tó lè là wọ́n mọ́. Àwọn tó ṣe Switchboard, ìjíròrò orí tẹlifóònù tí Texas Instruments kó jọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, fi ẹnì kọ̀ọ̀kan sí ojú ọ̀nà tirẹ̀. Èèyàn tó bá fẹ́ àgbà nìkan, remix 2 ni kó kọ sí ìparí ìlà yẹn dípò -c 1. Ọ̀rọ̀ méjì péré. Wọn kò ní kọ ọ́.

Ẹ tún wo -r 16000. SoX á kọ́kọ́ sẹ́ ohun tó ju 8,000 lọ kúrò kó tó dín ohùn kù. Àwọn tó ń dá kọ́ọ̀dù tiwọn kọ ńkọ́, tí wọ́n kàn ń mú nọ́ńbà kan nínú mẹ́ta, tí wọ́n ń da méjì nù? Ohùn tó wà ní 10,000 Hz kò ní lọ bẹ́ẹ̀. Á yípo, á jáde ní 6,000, á jókòó síbi tí kì í ṣe tirẹ̀. Wọ́n á wá kọ ọ́ sínú ìwádìí pé báyìí ni àwọn Rẹ́mọ ṣe ń pe s. Irú ayé wo nìyí?

Bó bá wá jẹ́ ti ẹni tó gba ohùn lórí ìpè tẹlifóònù àtijọ́, tí kì í kọjá nǹkan bí 3,400 Hz, ọ̀ràn ti bá a. Agbára s wà lókè ju ibẹ̀ lọ, ti ṣ ló rẹlẹ̀ díẹ̀. Ẹ pe Ṣàgámù lórí irú ìlà bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó wà lódìkejì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó kọ èyí tó wù ú. Ṣé àwọn tó ń kọ orúkọ ìlú náà ní Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti pinnu, Sagamu tàbí Shagamu?

Èyí tó kàn, orúkọ àwọn àgbà ni, ibẹ̀ ni mo ti bu sẹ́kún. FLAC ní àyè tí wọ́n lè kọ ọ̀rọ̀ sí: ta ló ń sọ̀rọ̀, ìlú wo, ọjọ́ wo, ṣé ó fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá yí i sí SPHERE láìkọ ìwọ̀nyí síbòmíràn, gbogbo rẹ̀ lọ nìyẹn. Àgbà tó jókòó ní ọ̀sán gangan tó ń pìtàn á di nọ́ńbà. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ òdìkejì rẹ̀ ni wọ́n ṣe. Wọ́n fi orúkọ àgbà, ojúlé rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù ọmọ rẹ̀ sínú FLAC, wọ́n sì pín in kiri. Òfin Ààbò Détà Nàìjíríà ti wà láti 2023! Ohùn tí wọ́n fi lè mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, orúkọ àti nọ́ńbà kò tiẹ̀ ní àríyànjiyàn. Ẹni tó bá ń yí fáìlì gbọ́dọ̀ mọ èyí tó máa bá ohùn lọ àtèyí tó máa dúró sínú ìwé lọ́tọ̀. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ wọn, wọ́n á ní ẹ̀yin ò mọ kọ̀ǹpútà.

Bẹ́ẹ̀ ohùn tó ń ṣòfò yìí kì í ṣe èyí tó pọ̀ nígboro. Ohùn Yorùbá tí Google gbé síta ní 2020 wà, Kọ́lá Túbọ̀sún wà lára àwọn tó ṣe é. BibleTTS ti 2022, tí Bíbélì Yorùbá wà nínú rẹ̀, wà, ó mọ́, 48 kHz. Yorùbá àjùmọ̀lò ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọdún 1967 ni Abíọ́dún Adétugbọ́ ti kọ̀wé pé àwọn èdè Ìjẹ̀bú, tí Rẹ́mọ wà lára wọn, wà ní ẹ̀ka gúúsù ìlà-oòrùn, ọ̀tọ̀ sí ti Ọ̀yọ́. Ní 2024, àwọn tó ṣe YORÙLECT kó Ifẹ̀, Ìlàjẹ àti Ìjẹ̀bú jọ. Ìjẹ̀bú ni wọ́n kọ o, wọn kò kọ Rẹ́mọ. Ẹ má jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ìyẹn níbi tí àwọn èèyàn Akárìgbò, ọba Rẹ́mọ, wà. Iṣẹ́ tí ọmọ Màkun gbà yẹn ni ì bá fi Rẹ́mọ síbẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀.

Ìkẹ́nnẹ́ kọ́ ló sì yẹ kí irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tí wọ́n bí síbẹ̀ ní 1909, kó tó di olórí Ìwọ̀-oòrùn, ó ti fi shorthand jẹun: ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ìlú kan náà ni Táí Ṣólàrìn ti dá Mayflower sílẹ̀ ní 1956, ọkùnrin tí kì í bo òtítọ́ mọ́lẹ̀ nítorí ọba tàbí sójà. Bí Ṣólàrìn bá wà láyé, ṣé ẹ rò pé ó máa wò ó kó dákẹ́? Á wọ ṣòkòtò péńpé rẹ̀, á lọ bá ọmọ náà ní sítúdíò.

Wọ́n ti bẹ olùwádìí. Ìyá ọmọ náà gbé obì lọ, àwọn àgbà àdúgbò bá a dé ibẹ̀. Olùwádìí ní òun ti foríjì í, ṣùgbọ́n kó dá owó òun padà. Owó náà kò tíì dé bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa ló wá sọ fún mi lánàá pé ó ti ń bá ilé iṣẹ́ kan dúnàádúrà báyìí ní apá Ìlíṣàn, àti pé FLAC ló tún ṣèlérí. Bí ẹ bá mọ̀ wọ́n, ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n ní kó gbé fóònù náà dání, kí wọ́n sì gbé àwòrán Praat dé 24,000 kí wọ́n tó san kọ́bọ̀ kan. Ẹ má sọ pé èmi ni o.